Ọpọlọ Inú Páálí Ìṣáná

Láàpútọ́ọ̀pù mi wúwo bí ọlọ,
iná pupa ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ojú ológbò.
Bùrọ̀dá Sàláwù ló fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tó gbéyàwó;
ó ní ọkọ ìyàwó kì í gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì.
Nígbà tó dọdún kẹwàá, kò lè ta pútú mọ́.
Agbábọ́ọ̀lù mi á gbẹ́sẹ̀ sókè,
á dúró bẹ́ẹ̀,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ò tíì kírun Alásárì.
Kó tó gbẹ́sẹ̀ náà sílẹ̀,
wọ́n ti gbá a sáwọ̀n wa.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Odò,
mi ò wọ kẹ̀kẹ́,
títí owó ọpọlọ tòkunbọ̀ kan fi pé.
Mo gbé e lọ bá Ìdírísù ní ọ̀nà Táíwò,
ṣọ́ọ̀bù tí ò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ,
ògiri kan ló wà láàrin òun àti aránfìlà.
Mo ní, "Ọpọlọ rẹ̀ ti gbó."
Ó rẹ́rìn-ín. "Kò gbó, àbúrò. Ayé ló ń sáré.
Àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí,
wọ́n á jó ọpọlọ mọ́ pátákó pinpin;
bó bá ti kú, ó kú náà nìyẹn.
Tìẹ yìí ti ayé àtijọ́ wá,
nígbà tí wọ́n ṣì ń rántí pé nǹkan lè bàjẹ́."

Ọ̀sán Àlàmísì, ọyẹ́ mú, nẹ́pà ti múná lọ.
Nọ́ọ̀tì mọ́kànlá bọ́ sínú ìdérí ìgò.
Eruku Ìlọrin dì nínú fáànù bí òwú inú tìmùtìmù;
mo rí irun funfun kan níbẹ̀,
irun ológbò wa tó kú lọ́dún kòrónà.
Mi ò jẹ́ kí ó fẹ́ ẹ dànù.

Ìpara orí ọpọlọ ti gbẹ bí èépá ẹ̀kọ.
Ó fi sípíríìtì nù ún, ó yọ ọ́,
ó tú èyí tuntun síta, ó dojú rẹ̀ délẹ̀:
abẹ́rẹ́ wúrà wẹ́wẹ́, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé ẹgbẹ̀rún.
Ó dákẹ́.
"Ọ̀kan ti tẹ̀."

Owó oṣù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mi tutù.

Ó kan ògiri. "Alájì Búsàrí, ẹ yá mi lábẹ́rẹ́."
Alájì ò yá a. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá fúnra wọn,
ọwọ́ tó ń ran fìlà kí a tó bí àwa méjèèjì.
"Kí ni eléyìí ń ṣe?"
"Ó ń ronú, bàbá."
"Bí ẹyọ kan bá wá tẹ̀?"
"Kò ní jí rárá."
"Súbúhánálláhì. Èmi tí tèmi ti tẹ̀ tó ogún!"
Wọ́n ti nà án ká tó rẹ́rìn-ín tán.

Igun kan ní àmì, ihò náà ní àmì;
Ìdírísù fi àmì kó àmì, ó sì jù ú sílẹ̀ wọ́ọ́.
Ó ní bí o bá ní láti tì í,
kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀.
Ìpara tuntun, kò ju wóró ìrẹsì lọ.
A tan jẹnẹrétọ̀. Fáànù yí.
Òkùnkùn.
Òkùnkùn.
Lẹ́yìn náà ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ,
bí ẹni tó la ojú, tó ń bèèrè ibi tí òun wà.

"Èló ni owó iṣẹ́?"
Ó nàka sí ọpọlọ àtijọ́.
Abẹ́ tábìlì ni tirẹ̀ wà, bọ́tìnnì mẹ́ta ti jábọ́ lára rẹ̀.
"Èyí tí o ní ó gbó yìí, ìlọ́po méjì tèmi ni."
Ó da igi ìṣáná sápò, ó tẹ́ ọpọlọ sínú páálí.

Lálẹ́, agbábọ́ọ̀lù mi gbẹ́sẹ̀, ó sì gbá a.
Wọ́n ṣì nà wá, mẹ́rin sí ọ̀kan.
Mi ò rí ẹni tí máa dì í rù mọ́.

Ní Mọ́ńdé, mo kọjá ní ọ̀nà Táíwò.
Ìdírísù ti tú tara rẹ̀ palẹ̀,
páálí ìṣáná ṣí sílẹ̀,
Alájì dúró tì í,
abẹ́rẹ́ lẹ́nu.